Òyì Omi Tí Kò Ní Omi Nínú

Ní agbo ilé àwọn aláró kan nílùú Òṣogbo, mo jókòó lórí àpótí lọ́jọ́ kan, mò ń retí aṣọ tí mo gbé wá fún rírẹ. Ìyá tó ni ìkòkò ki ọ̀pá bọ inú aró, ó rò ó lápá ọ̀tún, ó rò ó lápá òsì, ó sì yọ ọ̀pá kúrò. Ìhó tó léfòó lójú aró kó ara jọ sójú méjì, ó ń yí biribiri. Apá kan náà ni àwọn méjèèjì ń yí sí. Wọ́n kọ́kọ́ ń lé ara wọn kiri bí ọmọdé méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú. Nígbà tó yá, ọ̀kan na ìrù gbọọrọ, ó fi wé èkejì lára. Kí n tó mọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rọra ń yí.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe gbé ara wọn mì?"

"Ṣé ìyẹn lò ń wò látàárọ̀?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá jìnnà síra, wọn ò ní pàdé. Bí wọ́n bá ti súnmọ́ra jù, ó tán nìyẹn."

Ibi tí "súnmọ́ra jù" ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní San Diego, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, jókòó tì ní nǹkan bí ọdún 1990. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí òyì méjì bá dọ́gba, tí àárín ọ̀kan sí àárín èkejì sì ju nǹkan bí ìlọ́po 1.6 fífẹ̀ ọ̀kan nínú wọn lọ dáadáa, wọ́n lè yí ara wọn ká lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láì di ọ̀kan. Bó bá dín sí i, ìgbà mélòó kan péré ni wọ́n máa yí kí wọ́n tó wọ inú ara wọn. Ó ku ohun tó máa yani lẹ́nu: kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ohun tí wọ́n ti wọn èyí. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹlẹ́kítírónì ni wọ́n kó sínú rẹ̀, àwọn ègé bíńtín tó ń rìn nínú wáyà iná ilé wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná wá.

Òyì ni mo máa pe nǹkan yìí jálẹ̀, yálà omi ló ń yí tàbí afẹ́fẹ́. Ààjà ni àwọn àgbà ń pe ti afẹ́fẹ́ tó ń gbé eruku àti ewé gbígbẹ sókè nígbà ọyẹ́, wọ́n sì ní ó máa ń gbé ènìyàn wọgbó lọ kọ́ ewé. Èmi ò tíì bá ẹni tí ó gbé lọ pàdé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ ìdí tí afẹ́fẹ́ fi ń ká ara rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ nǹkan ńlá.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òyì fi kàn wá? Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kẹfà sí ìkọkànlá, fídíò ìjì tó ń ya ilé lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì máa ń kún orí fóònù wa. A máa ń káàánú wọn, a sì máa ń rò pé kò kàn wá. Bẹ́ẹ̀, orí ilẹ̀ wa níbí ni púpọ̀ nínú àwọn ìjì yẹn ti gbéra. Ìgbì afẹ́fẹ́ kan wà tó máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà wá, tó ń gba òkè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Nínú àwọn ìjì tó le jù lórí òkun yẹn, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti inú irú ìgbì bẹ́ẹ̀ jáde. Bí méjì nínú wọn bá sì pàdé lójú òkun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara wọn ká gẹ́gẹ́ bí ìhó aró ìyá yẹn. Ọmọ Japan kan, Sakuhei Fujiwhara, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1921, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjì máa yà sí gbọ́dọ̀ mọ ìwà òyì. Ìwà òyì sì pín sí méjì: ti ìkòkò tó ń hó lórí iná, àti ti ìṣàn pẹlẹbẹ.

Nínú ìkòkò tó ń hó, omi ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òyì ńlá níbẹ̀ máa ń fọ́ sí kéékèèké, kéékèèké á tún fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí gbogbo agbára rẹ̀ á fi di ooru lásán. Ìṣàn pẹlẹbẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí òkè àti ìsàlẹ̀ tí nǹkan lè bọ́ sí, tí gbogbo rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ bí òróró lójú ọbẹ̀, kéékèèké ló ń para pọ̀ di ńlá. Lars Onsager, ọmọ Norway tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1949 pé bí a bá há òyì púpọ̀ mọ́ ibi kan, tí agbára wọn sì pọ̀ tó, wọn kò ní fọ́n ká bí ìyọ̀ nínú omi, ńṣe ni wọ́n máa ṣù jọ. Ní 1967, Robert Kraichnan fi hàn bí agbára náà ṣe ń gun òkè láti ọ̀dọ̀ òyì kékeré lọ sọ́dọ̀ ńlá.

Òfuurufú ilé ayé sún mọ́ pẹlẹbẹ ju bí a ṣe rò lọ. Apá tí ojú ọjọ́ ti ń ṣẹlẹ̀ lókè wa níbí kò ju nǹkan bí kìlómítà 16 tàbí 17 ní gíga, ìjì ńlá kan sì lè fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Fífẹ̀ rẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ní pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, àbàwọ́n pupa ńlá tó wà lára rẹ̀, tó fẹ̀ ju ilé ayé wa lọ, òyì ni. Ó ti lé ní àádọ́sàn-án ọdún tí ojú ti wà lára rẹ̀ láì tú ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sún kì.

Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò nínú omi, wàhálà ló rà. Omi ń ha mọ́ ìsàlẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ń ha mọ́ ẹ̀gbẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ki: ìpele kan ń fa ìpele kejì sẹ́yìn. Òyì inú ìkòkò ìyá yẹn ti rẹ̀ kí n tó ka ogójì. Àwọn kan lo awọ ọṣẹ, irú èyí tí ọmọdé fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù ọṣẹ, ó sì dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí awọ náà ká ń fà á. Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà máa ń gé ojú ìṣàn sí kéékèèké bí ojú àwọ̀n ni, ohun tó bá kéré ju ojú àwọ̀n lọ á sọnù sí i lọ́wọ́. Òyì sì fẹ́ràn kí ó máa na ìrù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohunkóhun lọ.

Bí wọ́n ṣe dé ìdí ẹlẹ́kítírónì nìyẹn. Pàkúté tí wọ́n ń lò kò le láti fojú inú wò. Ẹ mú agolo mílíìkì bíi mẹ́ta, ẹ gé orí àti ìdí wọn kúrò, ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n di ọ̀pá gbọọrọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fara kan ara wọn. Bàbà tàbí irin mìíràn ni tiwọn, ó sì fẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde débi tí ohun tó kù fi kéré ju ohun tó wà ní òfuurufú tí sátẹ́láìtì ìsàlẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n wé wáyà òòfà mọ́ ọn lára, kí agbára òòfà lè máa gba inú ọ̀pá náà kọjá láti ìdí dé orí. Wọ́n wá fún agolo ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ní iná tó jẹ́ irú ti ẹlẹ́kítírónì, èyí tó ń lé e padà. Ẹlẹ́kítírónì tó bá sáré dé ìdí, wọ́n lé e. Bó bá sáré dé orí, wọ́n tún lé e. Òòfà ni kò jẹ́ kó sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Frans Penning ti Netherlands ló fi ìmọ̀ rẹ̀ lélẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni pàkúté náà ń jẹ́, Hans Dehmelt ló sọ ọ́ di ohun èlò gidi, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1989. John Malmberg ní San Diego ló nà án gùn láàárín ọdún 1970 sí 1980 kí ó lè gba ẹlẹ́kítírónì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní plásímà ẹlẹ́kítírónì.

Ẹ̀yin náà á bi mí pé ṣebí ẹlẹ́kítírónì kì í fẹ́ ojú ara wọn rí, kí ló dé tí wọn ò fọ́n sára agolo lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ rántí òkòtó. Bí òkòtó bá ń jó, tí ẹ sì fi ìka tì í lórí, kì í ṣubú sí ibi tí ẹ tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń yà sí, á wá máa ro kiri. Ẹlẹ́kítírónì tó wà nínú òòfà náà ń yí wéréwéré lójú kan bí òkòtó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà láàárín ń tì í síta, òun ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n tún tì í síta, ó tún yà sí ẹ̀gbẹ́. Bó ṣe ń yà bẹ́ẹ̀ náà ni, ó ti yí àárín po, kò sì dé ibi agolo. Ìṣùpọ̀ náà lódindi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀tanú tó yẹ kó tú wọn ká ló di ohun tó ń mú wọn jó yípo.

Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yíyí ni. Ti pẹlẹbẹ ńkọ́? Ẹlẹ́kítírónì ń sáré láti ìdí agolo dé orí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti lọ, ó ti bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó yí àárín po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè: gbogbo rẹ̀ ń rìn pa pọ̀ bí ìdì igi tí wọ́n dè, tí ènìyàn sì lè mọ ohun gbogbo nípa rẹ̀ bó bá wo ojú ibi tí wọ́n gé nìkan.

Bí ẹ bá wá kọ ìṣirò ìrìn wọn sílẹ̀, ìṣirò tí Leonhard Euler ti Switzerland gbé jáde ní 1757 fún omi tí kò ki rárá, tó ń ṣàn ní pẹlẹbẹ, ni ẹ máa bá pàdé. Wọn kò kàn jọra lásán. Ọ̀kan náà ni wọ́n, bí ọmọ tó ń jẹ́ Àkànní nílé, tó ń jẹ́ Samuel níléèwé. Ibi tí ẹlẹ́kítírónì ti pọ̀ jù ni òyì ti le jù. Ibi tí kò bá ti sí, ibẹ̀ dákẹ́. Ohun tí ó ṣòro jù láti wọ̀n nínú omi, ìyẹn bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí tó, ti di ohun tí ènìyàn lè kà: ẹ sáà ka ẹlẹ́kítírónì. Àwọn ẹlẹ́kítírónì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìki pátápátá, ara agolo kò sì fa ohunkóhun sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Ẹ rántí tẹlifíṣàn àtijọ́ tó ní ikùn lẹ́yìn: ẹlẹ́kítírónì ló ń ti inú ikùn yẹn wá gbá ojú gíláàsì tí wọ́n fi fọ́sífọ́ kùn, tí ibi tí ó gbá á fi ń tàn. Wọ́n gbé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọ̀pá agolo. Bí àkókò àwòrán bá tó, wọ́n pa iná tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹlẹ́kítírónì tú jáde gbà lójú òòfà, wọ́n gbá gíláàsì, gíláàsì tàn, kámẹ́rà yà á. Ibi tí wọ́n ti pọ̀ á tàn yòò, ibi tí wọn ò pọ̀ á ṣú. Àwòrán dára, ṣùgbọ́n òyì ti kú. Ó dà bí ẹni tó ń se ẹ̀wà, tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tó bá ṣí ìdérí wò ó, gbogbo ẹ̀wà á dànù, á tún ní láti gbé òmíràn kaná, ẹ̀wà tuntun náà sì gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu ní gbogbo ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí òyì ṣe rí ní àkókò kejì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á tún dà á nù. Fídíò kan tí ènìyàn wò fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òyì tó ti kú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Sùúrù yìí wú mi lórí ju ìṣirò lọ.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo máa ń sọ fún àbúrò mi kan tó ń ka físíìsì ní yunifásítì. Láti 1867 ni Lord Kelvin, onímọ̀ físíìsì kan ní Britain, ti ń sọ pé àwọn ègé tí gbogbo nǹkan ayé fi dá, òyì lásán ni wọ́n nínú ohun kan tó kún òfuurufú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Cambridge, J. J. Thomson, gbà á gbọ́, ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1883: bí a bá to òyì tó dọ́gba sórí òrùka kan, mélòó ni wọ́n lè jẹ́ kí òrùka náà tó dàrú? Ó ní mẹ́fà dúró dáadáa, méje kò dúró. (Ìṣirò àwọn tó tẹ̀ lé e fi hàn pé méje wà ní bèbè gan-an ni, kò dúró, kò ṣubú.) Ìrònú Kelvin kò pẹ́ kú. Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀ sí Thomson? Ní 1897, òun kan náà ló ṣàwárí ẹlẹ́kítírónì. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìṣirò òrùka yẹn kí Joel Fajans àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Durkin, ní yunifásítì Berkeley ní California, tó fi ìmọ́lẹ̀ ya àpẹẹrẹ sára irin tó ń tu ẹlẹ́kítírónì jáde níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á. Wọ́n to òyì sí òrùka bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì ń wo èyí tó máa dúró. Ohun tí Thomson rí ní ìkẹyìn ni wọ́n fi dán ohun tó kọ́kọ́ sọ wò. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn ò mọ̀ pé ara òun lòun ń ṣiṣẹ́ fún." Mo ní kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí wá ní 1995. Fine, Driscoll àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní San Diego da ìṣùpọ̀ kan tó rí wúruwùru sínú pàkúté. Ó fọ́ sí òyì kéékèèké púpọ̀, wọ́n ń gbá ara wọn, wọ́n ń gbé ara wọn mì, gẹ́gẹ́ bí Onsager ṣe sọ. Ó yẹ kó parí sí ẹyọ kan. Nígbà mìíràn ó parí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ìjà náà dáwọ́ dúró lójijì nígbà tí òyì bíi mélòó kan ṣì kù, wọ́n sì tò dọ́gba dọ́gba bí ẹni pé ẹnì kan fi okùn wọ̀n wọ́n, gbogbo wọn wá ń yí pọ̀ láì yẹ̀. Kírísítálì òyì ni wọ́n sọ ọ́. Àlàyé tí wọ́n rí fún un ni pé àwọn ẹlẹ́kítírónì tó fọ́n sí àárín wọn, tí kò lágbára láti di òyì, ni òyì ńlá ń rò pọ̀ bí ẹni ń ro ògì. Rírò náà ń gba ìkanra lára wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti tutù tó, kò sí èyí tó lágbára láti súnmọ́ èkejì jù mọ́.

Ẹ wá wo Júpítà. Ọkọ̀ òfuurufú Juno tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní 2011 débẹ̀ ní oṣù keje 2016, ó sì jẹ́ kí a rí orí àti ìdí pílánẹ́ẹ̀tì náà kedere fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní òkè, òyì mẹ́jọ yí ẹyọ kan ká. Ní ìsàlẹ̀, márùn-ún ló yí ẹyọ kan ká. Wọn kì í para pọ̀. Ẹni tó bá ti rí àwòrán 1995 rí á pariwo pé, "Mo ti rí èyí níbì kan!" Èmi náà pariwo. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìbejì ni wọ́n. Ìwádìí tó jáde ní 2020 sọ pé ohun tó ń dá ti Júpítà dúró ni òrùka afẹ́fẹ́ tó ń yí sí òdì yí òyì kọ̀ọ̀kan ká, bí ọgbà tí kò jẹ́ kí aládùúgbò wọlé. Ti agolo kò ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀, rírò ògì ló gbà á là.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé agolo ẹlẹ́kítírónì máa sọ fún wa ọjọ́ tí ìjì máa ṣí páànù lórílé ní Òṣogbo. Ìjì oṣù kẹta àti ìkẹrin tó ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ yẹn, ti ìkòkò tó ń hó ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fò lọ sókè, òjò ń já wálẹ̀, atẹ́gùn tútù ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí òjò nínú agolo, kò sí ooru ìyálẹ̀ta. Ti ìgbì ńlá tó ń gba orí wa kọjá lọ sí òkun ni agolo lè ràn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ti ṣe ní San Diego ni pé wọ́n pín ara agolo sí ẹ̀yà ẹ̀yà, wọ́n fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀, kí wọ́n lè máa fa òyì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láti mọ ìgbà tó máa ya. Noah Hurst, Clifford Surko àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde lórí rẹ̀ ní 2016. Òyì inú òkun kì í dá gbé, aládùúgbò rẹ̀ ń fà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun mìíràn tún wà tí agolo ò lè ṣe láéláé. Gbogbo ẹlẹ́kítírónì ló ní irú iná kan náà, nítorí náà gbogbo òyì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí sí apá kan náà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀kan tó ń yí sí ọ̀tún ti ọ̀kan tó ń yí sí òsì. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ìyẹn, kó lọ sétí odò Ọ̀ṣun, kó fi ìpẹ́lẹ́ igi wa omi sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré: méjì á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, wọ́n á jọ tẹ̀ lé ara wọn lọ.